Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Kámẹ́rà

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ara ńkọ́? Ṣé àwọn rédíò tí ò ń tún ṣe kò tíì di ọ́ létí? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Mo mọ̀ pé bí o bá ti rí ìkọ̀wé mi lára àpòòwé, wàá ti fajú ro. Jọ̀wọ́, kà á tán kó o tó jù ú nù.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé Màmá lọ síbi àpáta tí Bàbá ti máa ń yà wá ní fọ́tò. Dókítà ojú sọ fún wa pé ojú òsì ti lọ, ọ̀tún náà kò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Màmá wá ní kí n gbé àwọn lọ wo àpáta wa kí ilẹ̀ tó ṣú bá àwọn. Jálẹ̀ ọ̀nà ni wọ́n ń bá awakọ̀ jiyàn, "Yà sọ́tùn-ún, mo ní o yà sọ́tùn-ún," bí ẹni pé àwọn ni wọ́n la títì náà.

Àpáta náà kò yí padà rárá. Òkúta ràgàjì yẹn ṣì jókòó lórí èkejì, bí ẹni pé atẹ́gùn díẹ̀ ló kù kó yí dànù. Ṣé o rántí ọjọ́ tí èmi àti ìwọ fi èjìká tì í, tí Bàbá kígbe pé, "Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n yà á ná kẹ́ ẹ tó tì í ṣubú"? Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbi tí oníkálùkù á dúró sí, tí wọ́n á gbé kámẹ́rà ka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n á ní, "Ẹ má mí o!" Ìgbà yẹn gan-an ni ìwọ máa ń já mi léèékánná. Ọkàn mi fà sí ọjọ́ wọ̀nyẹn débi pé mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Màmá wá yọ fọ́tò kan nínú báàgì wọn. Fọ́tò tí a yà níbẹ̀ lọ́dún tí o pé mẹ́rìndínlógún ni, èyí tí Bàbá, Màmá àti èmi wà nínú rẹ̀, tí ìwọ kò sí níbẹ̀. Àbúrò mi, èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá nígbà ìsìnkú Bàbá. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n kọ "Bàbá àti ìdílé rẹ̀" sábẹ́ rẹ̀. O dúró níwájú rẹ̀, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ńkọ́?" Dípò kí n bẹ̀ ọ́, ńṣe ni mo jágbe mọ́ ọ lójú àlejò pé ṣé ọ̀rọ̀ fọ́tò ló kàn báyìí. Ọdún mẹ́fà rèé tí o kò tíì fẹsẹ̀ kan ilé. Mo jẹ̀bi. Dákun, foríjì mí.

Màmá gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú ọ̀tún, wọ́n ní, "Wo bí bàbá yín ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ń rẹ́rìn-ín sí?" Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kò sí fọ́tò àpáta mìíràn tí Bàbá wà nínú rẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kámẹ́rà yẹn, títí kan àwọn ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ fọ́tò yíyà lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n gbé e lé ẹnìkan lọ́wọ́, tí wọ́n wá dúró tì wá. Ìwọ ni. O ti ń rò ó látìgbà yìí pé wọn ò kà ọ́ mọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ìwọ ni gbogbo wa ń wò.

Mo bi Màmá bóyá wọ́n rí àpáta náà dáadáa. Wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n ní, "Èyí kò lọ ibì kankan. Bí mo bá fọ́jú tán, màá fọwọ́ bà á, màá mọ̀ pé òun ni. Àmọ́ wọ́n ní ọmọ mi ti ń hu ewú lórí. Ìyẹn ni mi ò tíì rí."

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé àti ọ̀nà rẹ, kó jẹ́ kí a fojú kan ara wa láyọ̀, kó má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Má wulẹ̀ fèsì lẹ́tà yìí. Ara rẹ ni kó o gbé wá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì fẹ́ràn rẹ

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò fún àwọn tó ń wá wo àpáta ní kí òun ya èmi àti Màmá. Màmá ní, "O ṣeun, ọmọ mi. A ti ní ẹni tó ń yà wá. Òun la ń dúró dè."