Irun àti Èékánná Tí Mo Gbé Wálé

Sama Road, Ṣókótó.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Jọláyẹmí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí àwọn ọmọ àti àwọn àna wa. Wòsílátù ìyàwó mi ní kí n kí yín. Orúnkún ni mo ń bá yí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ sí ilé búrẹ́dì. Bàbá Sójà ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, ojú a sì máa tì mí.

Jọláyẹmí pè mí pé ẹ ní tí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹ̀gbẹ́ sàréè Akíndúró ọkọ yín ni kí wọ́n sin yín sí. Ìyẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Mo purọ́ fún yín. Nígbà tí ìbọn bá ọkọ̀ ogun tí èmi àti Akíndúró jọ wà lójú omi lọ́dún 1968, èmi kúkú sá sínú yàrá ìyẹ̀fun tí a fi ń ṣe búrẹ́dì nínú ọkọ̀. Kí n tó jáde, ìbọn ti pa Akíndúró, wọ́n sì ti sọ òkú rẹ̀ sínú òkun. Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè irun àti èékánná rẹ̀, kí ẹ lè rí nǹkan sin sílé. Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ pé mo sá. Ní gáréèjì Ìbàdàn, mo gé tèmi, mo dì í sínú áńkáṣíìfù. Ẹ kúnlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ èmi àbúrò yín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí Ṣókótó.

Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lálàáfíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ ibi ìsìnkú yẹn rò. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹ ti ń tu koríko orí sàréè yẹn. Èmi tí mo wà láàyè ni ẹ ń tu ú fún.

Àbúrò yín,
Ọ̀ṣúnṣínà