Ọ̀pá Tó Ń Tọrọ Omi

Oko Bàbá Àgbà,
Etí odò Mirrabong,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Tahlia ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ ní Sydney níbẹ̀ yẹn, báwo ni ẹ̀kọ́, báwo ni iṣẹ́ kọfí, ṣé yàrá yẹn kò tutù jù, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé ti jáwọ́ nínú wàrà rẹ? Àwa wà dáadáa, a dúpẹ́. Edie àbúrò rẹ ti hu eyín méjì nísàlẹ̀, ó sì ti fi wọ́n gé Bàbá Àgbà jẹ níka, Bàbá Àgbà ní òun ò tíì rí ẹni tó jọ òun tó báyẹn nínú ilé yìí. Kí ìlú ńlá má gbé ọ mì, kí ọkọ̀ ojú irin máa dúró dè ọ́, kí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ọ jẹ máa ṣi ilé kàn. Àmín.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí màmá mi ń kọ lẹ́tà bí ìyá arúgbó, èmi tí mo bí ọ lọ́dún tí mo jáde girama gan-an, tí mo sì ní fóònù. Fóònù yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Òun àti ọ̀pá inú pápá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, n kò sì fẹ́ kí ọ̀pá náà gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí. Wá ibi kan jókòó sí.

O rántí bí pápá ìsàlẹ̀ ṣe rí kí o tó lọ, ilẹ̀ pá bí orí Bàbá Àgbà, odò ti gbẹ́ ara rẹ̀ jìn débi pé tí bàbá rẹ bá dúró nínú rẹ̀, fìlà rẹ̀ nìkan là ń rí. Tí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán omi ti sá gba inú ọ̀gbun yẹn lọ láì kí ẹnì kan nílé. Ni obìnrin kan bá wá láti yunifásítì, Dókítà Philippa. Dókítà ilẹ̀ ni o, kì í ṣe ti èèyàn, mo ti ká aṣọ Edie sókè fi èélá rẹ̀ hàn án kí n tó mọ̀. Ó wò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, òun ì bá ní ká fi koríko gbígbẹ bò ó. Dókítà yìí ní kì í ṣe òjò ni ilẹ̀ wa kò rí, ó ní ilẹ̀ wa ni kò lè di omi mú. Ó ní ká to òkúta àti gẹdú dí odò ní ibi mẹ́ta, ká gbin ìféfé sí i, kí omi lè dúró díẹ̀, kó gòkè, kó rìn sínú ilẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kó tún máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni dáàmù tó ń jò.

Fọ́ọ̀mù ìjọba wà tí a ní láti kọ ọ̀rọ̀ kún kí wọ́n tó gbà fún wa. Bàbá rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ katakata, èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n béèrè pé ṣé dáàmù náà ń jò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé rárá o, kò jò, kò sì ní jò láéláé, ọkọ mi kì í ṣiṣẹ́ jákujàku. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n dá a padà, wọ́n ní dáàmù tí kò bá jò, àwọn kò lè gbà á láyè. Mo tún un kọ, mo ní ó ń jò, ó ń jò gan-an, ó ń jò débi pé ojú ń tì wá. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú, bàbá rẹ sì to òkúta náà sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá Àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ ti orí àga ṣubú. Ó ní ọgọ́ta ọdún lòun fi ń dí ihò dáàmù, wọ́n wá rán ọmọ ọlọ́mọ sí òun láti wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń jò. Ó ní òun alára ti ń jò láti ọdún tó kọjá, ìjọba kò sì tíì tẹ òǹtẹ̀ kankan lu òun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ló wá sọ èyí tó dùn mí. Ó ní tí pápá ìsàlẹ̀ bá ṣì gbẹ nígbà Ọdún Àjíǹde, òun á ta oko fún ilé iṣẹ́ tó ń gbin igi páìnì. Ó lẹ káàdì ọkùnrin tó fẹ́ rà á mọ́ ara fíríìjì, ibẹ̀ gan-an tí fọ́tò rẹ wà, tó jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ mú wàrà Edie, ojú ọkùnrin páìnì ni mo máa kọ́kọ́ rí.

Col tó ni oko ìsàlẹ̀ odò náà tún gbé tiẹ̀ dé. Ó dúró lẹ́bàá wáyà, ó pe bàbá rẹ ní ọ̀rẹ́. O mọ̀ pé tí Col bá ti pe èèyàn ní ọ̀rẹ́ báyẹn, kí onítọ̀hún yáa wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀rẹ́, omi mi lẹ dí yẹn. Bàbá rẹ ní ọ̀rẹ́, ó ń jò. Col ní ọ̀rẹ́, èmi kò rí i kó jò dé ọ̀dọ̀ mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀rẹ́ yẹn lọ nìyẹn títí oòrùn fi wọ̀.

Lẹ́yìn Kérésì tí o kò wá, òjò ńlá kan rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àtìgbà yẹn, ẹ̀kán kan kò kán mọ́. Nínú oṣù kìíní ni Dókítà Philippa wá ri ọ̀pá irin kan mọ́ àárín pápá, ó jìnnà sí odò díẹ̀, iná pupa kékeré wà lórí rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo omi inú ilẹ̀, á sì máa ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an nìyẹn, bí ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń fún Edie lọ́mú, fóònù dún. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, Ilẹ̀ ti gbẹ ju bó ṣe yẹ. Ẹ gbé ìgbésẹ̀. Mo gbé ìgbésẹ̀, mo gbé garawa pẹ̀lú. Mo gbé Edie sẹ́yìn, mo pọn omi ní tánkì, mo lọ bù ú sí ìdí ọ̀pá náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó má bàa pá a lórí. Ó dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún ké. Mo tún lọ. Tahlia, bí mo ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn, o ké, mo dìde. Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Bàbá Àgbà ń wò mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

Ṣé o rántí garawa aláwọ̀ búlúù yẹn? Ó ti lu nídìí. Tọ́, tọ́, tọ́, láti ìdí tánkì títí dé ìdí ọ̀pá ló ń jò. Kí n tó mọ̀, koríko tútù ti hù lójú ọ̀nà mi, ó tẹ́ lọ gbọọrọ bí ìgbànú láàárín pápá gbígbẹ.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá, Dókítà Philippa kó èèyàn wá, bọ́ọ̀sì kan gbáko, gbogbo wọn wọ bàtà tí kò tẹ ẹrẹ̀ rí. Mo ti ṣe kéèkì àgbọn sílẹ̀. Dókítà ní nínú gbogbo ọ̀pá tí àwọn rì kárí àgbègbè yìí, tiwa ni ilẹ̀ rẹ̀ tutù jù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wá rí ìgbànú koríko yẹn, ó kígbe. Ó ní ojú odò àtijọ́ ni, odò tó ti sùn lábẹ́ ilẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún ọdún, òun ló ń jí yìí. Wọ́n tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń ya fọ́tò, ó gbé wọn dé ìdí ẹ̀rọ tánkì wa gan-an. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó ní ẹ ò rí ọgbọ́n àwọn àgbà, orí orísun omi gan-an ni wọ́n gbé tánkì kà. Bàbá Àgbà ní òun kò mọ̀ pé òun gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, tíì sì gba imú rẹ̀ jáde.

Ibẹ̀ ni Dókítà ti ń ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀pá kan ṣoṣo yẹn ló ń ṣojú fún gbogbo pápá. Tahlia, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi pé ọ̀pá náà kò tọrọ nǹkan kan, ìròyìn ló ń mú wá, èmi ni mo wá ń fún oníròyìn lómi mu. Mo fa Dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omijé wà lójú mi, mo ní Dókítà, ẹ má bínú, èmi ni mo ń bu omi sí ilẹ̀ yìí. Ó gbá ọwọ́ mi mú, omijé bọ́ lójú òun náà, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ẹ̀yin ìyá lẹ ń dá omi padà fún ilẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé ìròyìn wọn báyìí, fọ́tò mi àti ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ rẹ̀, Edie ń yọ ahọ́n síta lẹ́yìn mi.

Láti ọjọ́ náà mo so garawa kọ́. N kò bu ẹ̀kán kan sí i mọ́. Mo ń ru fóònù káàkiri ilé bí ẹni tó ru ẹyin, mo mọ̀ pé bí ó bá ti ké báyìí, Bàbá Àgbà á gbọ́, oko á di ti páìnì, ibi tí wàá máa bọ̀ wá ní Kérésì kò ní sí mọ́. Ọjọ́ kìíní, kò ké. Ọ̀sẹ̀ kan, kò ké. Mo mì ín, mo rò pé ó bàjẹ́. Ogún ọjọ́ pé lónìí, òjò kò rọ̀, kò ké.

Láàárọ̀ yìí mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Àgbà. Ó ní òun mọ̀, ó ní ta ni kò mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó kàwé. Ló bá mú ṣọ́bìrì, ó ní kí n máa bọ̀. Kò gbẹ́ ìdí ọ̀pá o, ó rìn kọjá rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́bàá wáyà Col, ibi tí garawa kankan kò dé rí. Ó gbẹ́ ẹ dé orókún. Ilẹ̀ náà dúdú, ó ń dán. A dúró. Ni omi bá ń sun láti ara ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí òógùn iwájú orí. Col sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀ lódì kejì, ó ní ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní odò òun ń ṣàn ní oṣù kẹta, òun kò rí irú ẹ̀ rí, kí ló ṣẹlẹ̀ lókè ọ̀hún. Bàbá Àgbà ki ọwọ́ bọ inú ihò, ó wo ọwọ́ náà pẹ́, ó ní, ó ń jò. Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. O mọ̀ ọ́n, kò yin èèyàn rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ orúkọ ọmọ ni. Nígbà tí a délé ó yọ káàdì yẹn lára fíríìjì, ó fi họ ẹrẹ̀ ara ṣọ́bìrì, ó sọ ọ́ nù. Fọ́tò rẹ nìkan ló kù níbẹ̀.

Dókítà ní tí ọ̀pá bá dákẹ́, ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ti mu omi yó. Ìwọ náà ti dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ń gbìyànjú láti gbà pé yíyó lo yó. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe ọ̀pá. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, ránṣẹ́ sí mi, kò ní kó gùn, kọ ọ́ pé ó gbẹ, màá gbé ìgbésẹ̀.

Tí owó iṣẹ́ kọfí bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà òjò fún Bàbá Àgbà, ẹrẹ̀ ti gba èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a fà á títí, kò jáde. Má fi ra garawa o, Bàbá Àgbà ní tiwa yẹn ni odò tó ti pẹ́ jù ní orílẹ̀-èdè yìí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí Ọlọ́run ṣe ọ́ ní ilẹ̀ tó ń di omi mú. Kí tìrẹ má sá lọ sínú òkun. Kó kún, kó dúró, kó sì máa jò díẹ̀ díẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa tó wà nísàlẹ̀.

Èmi ni màmá rẹ,
Kirrily.