Ìyàwó Jọ́ọ̀sì Kì Í Ṣe Iṣu

Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹjọ 1999

Àwọn tí Ọlọ́run fi kún wa lọ́dún yìí. Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi bí obìnrin ní Jọ́ọ̀sì. Fọláránmi àbúrò rẹ̀ gbé ìyàwó ní Emure – ọmọ tíṣà, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń kí ènìyàn. Ọmọ-ọmọ mi di mọ́kànlá. Èmi tí wọ́n ní n kò ní bí ju ẹyọ kan lọ!

Michael ọkọ Bọ́sẹ̀dé ló mú ìròyìn ọmọ wá lánàá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ní onílé ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ọgbà Bọ́sẹ̀dé. Gbogbo sitirọ́bẹ́rì rẹ̀ bá a lọ – àwọn èso pupa wẹ́wẹ́ olóòórùn dídùn tí àwọn òyìnbó hòtẹ́ẹ̀lì máa ń rà. Ọgbà yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti rí ilẹ̀ mìíràn, wọn kò rí irú rẹ̀ gbìn. "Màmá, ti ọ̀dọ̀ yín nìkan ló kù." Yóò wá gbé e ní ìparí oṣù kẹwàá.

Mo ní, "Ó wà, ó ń ṣe dáadáa."

Ẹnu mi ṣáájú òótọ́. Ìdí mẹ́ta tí Bọ́sẹ̀dé gbé wá fún mi nínú agolo mílíìkì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn – Ìyàwó Jọ́ọ̀sì ni mo ń pè wọ́n – ti gbó. Láti Àjíǹde wọn kò so. Ìdí wọn le bí igi.

Ajé, 30

Mo ti ń retí kí wọ́n yọ ọmọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí kí wọ́n fà bí ànàmọ́. Wọn kò yọ, wọn kò fà. Inú ara wọn ni wọ́n ń kó ọmọ sí. Ó dáa, a ó pín wọn.

Mo wú méjì, mo fi ọ̀bẹ là wọ́n sí mẹ́fà. Mo kọ ebè, mo sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa bí èbù iṣu. Ìyá Mojírádé yọjú lórí ògiri: "Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ṣé uṣu òyìnbó nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń gún un, ẹ pè mí o." Mo ní, "Ọbẹ̀ ni kó o gbé dání."

Ọjọ́bọ, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Kò sí ewé.

Ajé, 13

Mo wú ebè kan. Ó ti jẹrà. Òmíràn – ó ti jẹrà. Gbogbo wọn.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo jókòó, mo wo èyí tí n kò fọwọ́ kàn. Ọkàn rẹ̀ wà lókè, ó ń wo ojú ọ̀run. Gbòǹgbò nìkan ló wà nínú ilẹ̀. Iṣu ń fẹ́ kí a sin òun. Èyí kò fẹ́. Mo ti sin ìyàwó láàyè.

Ó ku ìdí kan. Ìyá Mojírádé ní kí n ránṣẹ́ sí Michael kó má wulẹ̀ wá, ọ̀nà jìn. Rárá o.

Ìṣẹ́gun, 14

Òjò rọ̀, ilẹ̀ rọ̀. Mo wú èyí tó kù. N kò mú ọ̀bẹ. Mo fi omi ṣan ìdí rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ yà á díẹ̀díẹ̀ – ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àárín tó ti di igi, mo jù ú nù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀, jẹ́ márùn-ún. Mo gbìn wọ́n sí ẹ̀bá àpáta níbi tí omi ti ń sun, lábẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkàn lókè! Mo fi ewé gbígbẹ yí ìdí wọn ká.

Mo pa kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà jẹ. Tíṣà Abímbọ́lá yóò bínú. Kó bínú.

Àìkú, 26

Ọ̀kan rọ. Mẹ́rin dúró. N kò gbọ́ ìwàásù dáadáa.

Ẹtì, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìpínlẹ̀ wa pé ọdún mẹ́ta. Rédíò ń pariwo. Nígbà tí wọ́n pín wa kúrò lára Oǹdó, àwọn kan ní Èkìtì kò ní lè dá dúró. A kò kú.

Mo lọ bomi rin wọ́n. Ewé tuntun – lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ìyá Mojírádé wá wò wọ́n. Kò dárúkọ uṣu. Ó bá mi gé imọ̀ ọ̀pẹ, a fi ṣe ọgbà yí wọn ká. Ó ní òun mọ ewúrẹ́ òun.

Ọjọ́rú, 20

Òdòdó funfun kan. Mo já a. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n aláboyún kì í wọ mọ́tò lọ Jọ́ọ̀sì. Kó ta gbòǹgbò ná.

Àbámẹ́ta, 30

Michael dé. Ó wò wọ́n títí. "Màmá, mo rò pé wọ́n pọ̀ ju báyìí lọ." Mo ní, "Wọ́n pọ̀. Mo sin àwọn yòókù." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Mo sọ fún un: kí Bọ́sẹ̀dé má fi ilẹ̀ bo ọkàn rẹ̀. Kó pín in kó tó di igi. Mo ní kó tún un sọ fún mi, bí Tíṣà Abímbọ́lá ṣe ń ṣe wá. Ó tún un sọ.

Mẹ́ta wọ inú agolo mílíìkì tó gbé ìyá wọn wá. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́bàá àpáta – àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Mo di owó epo pupa tí mo tà sínú aṣọ, mo fi rán Michael. Kì í ṣe owó wàrà ọmọ. Kí wọ́n fi kún owó ilẹ̀ ọgbà tuntun, kí wọ́n kọ orúkọ Bọ́sẹ̀dé sí ìwé rẹ̀, kí onílé kankan má lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí mọ́: ẹgbẹ̀rún méjì náírà.