Dókítà Ní Ká Máa Wò Ó

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le, mò ń jẹun, mo sì ń sùn dáadáa. Kókó tí wọ́n rí nínú ọrùn mi, jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ má pariwo. Kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Dókítà ní àwọn ò ní í gé e báyìí. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà làwọn á máa ya àwòrán rẹ̀ wò.

Mo ní, "Dókítà, ẹ rí olè nínú ilé, ẹ wá ní ká jókòó máa wò ó?"

Ẹ̀rín pa á. Ó ní irú olè yìí sábà máa ń sùn ni, pé iṣẹ́ abẹ lè ba ohùn mi jẹ́, mo sì lè máa lo oògùn títí ayé. Bó bá ń dàgbà, wọ́n á yọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo yàn láti dúró, Màmá.

Ibi iṣẹ́ ńkọ́? Kọ́tìnì la ṣì ń rán. Lánàá, ọ̀gá mi gba téèpù lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí mo fi wọn ọrùn ara mi, ọ̀sán ò sì tíì pọ́n. A jọ rẹ́rìn-ín sí i ni o.

Àwòrán tó kàn ku oṣù márùn-ún àti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò jókòó kà á o, kàlẹ́ńdà ló wà níwájú mi.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá bèèrè ìdí tí mi ò fi gbé ìpè rẹ̀, ẹ ní iṣẹ́ ló pọ̀. Bó bá gbọ́ nípa kókó yìí, á ní kí n lọ gé e kíákíá, ẹ̀rù sì ń bà mí pé màá lọ.

Ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹ kú ilé o.

Ọmọ yín obìnrin