Igi Tí Mo Ri Mọ́lẹ̀ Nínú Wádì

                                        Àdúgbò Al-Sabeel,
                                        Jẹ́dà,
                                        Saudi Arabia.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹrin, Ọdún 2025.

Sùwébátù, ọmọ bàbá mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Mùnírù ọmọ rẹ ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ? Ṣé ẹ fi ayọ̀ túnu ààwẹ̀? Àwa náà túnu níbí. Ara mi le. Eyín tó kù sí mi lẹ́nu kò tíì dín. Abdulmutalib ọmọ mi ń kí ọ, Amal ìyàwó rẹ̀ ń kí ọ, Hind ọmọbìnrin wọn ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì ti gùn jù mí lọ. Nuh, àbíkẹ́yìn wọn, ti pé ọdún mẹ́rin, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi.

Àlàájà Ridwanat tó wá ṣe Úmúrà ni yóò mú ìwé yìí dé ọwọ́ rẹ. Bánkẹ́, tó ń ránṣọ pẹ̀lú Amal ní Ammáríyà, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má fi oyin sí i. Ohun tí kò jẹ́ kí n fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù ni pé mo mọ̀ ọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ń le, o máa ń pa á, o ó wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e. Ìwé kò ṣe é pa bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó ń kà á fún ọ má fo ìlà kankan.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀, mo gbọ́ ọ tán. O ní wọ́n ti wá kéde fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà létí odò ní Májídùn pé kí ẹ kó kúrò kí òjò ọdún yìí tó le. O ní Mùnírù ti tún yàrá kan ṣe fún ọ nílé rẹ̀ lókè Ìkòròdù, pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́, kí n bá ọ bá a wí nítorí pé èmi nìkan ló ń bẹ̀rù. O ní òpó tí àwọn bàbá wa ri sétí omi ṣì wà pẹ̀lú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára rẹ̀. Tí omi bá dé ìlà kìíní, a ó kó àwọ̀n wọlé. Tó bá dé ìkejì, a ó gbé ààrò ẹja sókè. Tó bá dé ìkẹta, a ó di ẹrù. O ní títí omi yóò fi dé ìlà kẹta, o kò ní lọ síbì kankan. Mo dá ọ lóhùn nígbà yẹn pé òótọ́ lo sọ, pé n ó pe Mùnírù. Mo sì ti pè é. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí níbí fún ọ, nítorí òun ló fa ohun tí mo sọ fún un.

Ọ̀tútù díẹ̀ tí à ń rí níbí ti tán, ooru ńlá kò tíì dé. Àsìkò tó dára jù lọ́dún nìyí. Eruku máa ń dìde ní ọjọ́ kan, ojú ọ̀run á pọ́n bí epo, a ó ti fèrèsé, Amal á máa fi aṣọ nu ilẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Lọ́jọ́ kejì, atẹ́gùn á fẹ́ láti ojú òkun, gbogbo ayé á tutù. Òkun yẹn kò tíì yí padà. O rántí pé nígbà tí o wá ṣe Háájì, o jókòó tì í, o sì ní òkun yìí ń sùn. Ó ṣì ń sùn. Tó bá kún, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Tó bá fà, ìwọ̀n yẹn náà ni. Èmi tí mo dàgbà níbi tí omi ọ̀sà ti ń wọlé tó sì ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, mo ti gbé níbí ju ogójì ọdún lọ, òkun yìí kò sì tíì ṣe ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé kò sí omi kankan ní ilẹ̀ yìí tó lè kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ọdún, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, koríko sì yọ nínú aṣálẹ̀. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ará ibí á gbé kápẹ́ẹ̀tì, tíì àti oúnjẹ, wọn á lọ jókòó síta láti wo koríko. Koríko o, Sùwébátù, irú èyí tí ìwọ máa ń fi ọkọ́ ro dànù! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, a jáde. Àwọn àna wa tí wọ́n ń gbé ní Tandabáwì ní Mẹ́kà ní àwọn á wá bá wa láàárín ọ̀nà. A dé ibẹ̀, wọn kò tíì dé, bí ìṣe wọn.

Ibi tí a dé yìí ní wádì kan. Odò tí kò ní omi ni wọ́n ń pè ní wádì: ó ní bèbè méjì bí odò, ó gùn bí odò, ṣùgbọ́n yanrìn gbígbẹ ni inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Òkúta mímú ló kún orí bèbè. Ìsàlẹ̀ ló ní yanrìn rírọ̀ àti igi kan tó ní ìbòji. Mo ní ìsàlẹ̀ ni a ó jókòó sí.

Hind ní, “Màmá, kì í ṣe inú wádì. Wọ́n ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Òjò ń rọ̀ lórí àwọn òkè.”

Lárúbáwá ló fi sọ ọ́, bí ìṣe rẹ̀. Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn, bí ìṣe tèmi. Mo ní, “Òjò náà dà? Fi hàn mí.” Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo tún bi í pé, “Fóònù rẹ yìí, ó ti gbé etí odò rí?” Abdulmutalib rẹ́rìn-ín.

Mo wá ṣe ohun tí àwọn bàbá wa máa ń ṣe. Mo já ẹ̀ka igi kan, mo fi ọ̀bẹ gé ìlà mẹ́ta sí i lára, mo sì ri í mọ́lẹ̀ níbi tí yanrìn ti tutù díẹ̀. Mo sọ fún gbogbo wọn pé tí omi kan bá máa wá, yóò kọ́kọ́ dé ìlà kìíní, a ó sì ti jẹun tán kí ó tó dé ìkejì. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó. Amal ṣí ìkòkò ìrẹsì. Adìyẹ odidi méjì ló wà lórí rẹ̀, tó ti pọ́n dáadáa.

Bàbá arúgbó kan ń kọjá pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Badr ni ó pe ara rẹ̀. Ó kí wa, ó ní, “Yá Hájjà, ẹ gòkè.” Mo ní kó máa da ewúrẹ́ rẹ̀ lọ, pé etí odò ni wọ́n bí mi sí. Ó wo igi mi títí. Ó ní, “Kí ni èyí wà fún?” Mo ṣàlàyé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Kò fi mí rẹ́rìn-ín o. Ó kàn ní, “Hájjà, nígbà tí omi bá fi kan igi yẹn, ta ni yóò kù níbí láti kà á?” Ó ní níhìn-ín, òjò tó ń gbé èèyàn lọ kì í rọ̀ sórí ẹni tó ń gbé lọ, ibòmíràn ló máa ń rọ̀ sí. Ó da ewúrẹ́ rẹ̀ gun orí bèbè.

Mo ní kí wọ́n bu oúnjẹ. Bí mo ṣe yíjú, Hind ti gbé Nuh, ó ti ń bá a gun orí òkúta. Mo pè é, kò dúró. Mo tún pè é, ó dúró lókè, ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ní òun kò ní sọ̀ kalẹ̀, pé bí mo bá fẹ́, kí n wá nà án. Èmi! Ó ní kí n wá na òun! Mo gbé bàtà mi kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun bèbè pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Abdulmutalib sáré tẹ̀lé mi, ó ń sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni.” Amal tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ kí n má baà ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe. Báyìí ni ìjà ṣe kó gbogbo wa gòkè. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gòkè nítorí ọgbọ́n, àfi Hind.

Mo ti gbé bàtà sókè nígbà tí atẹ́gùn kan fẹ́ wá, ó ní òórùn ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ariwo, bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá bá ń da òkúta sílẹ̀ pa pọ̀. Omi náà yọ láti ibi tí wádì ti yà. Kò kún díẹ̀díẹ̀ bí omi wa ṣe máa ń kún. Ó dúró bí ògiri ni, ó pọ́n, ó sì ń yí igi àti táyà mọ́to níwájú rẹ̀. Igi mi ló kọ́kọ́ mú. Kò dé ìlà kìíní, kò dé ìkejì, kò dé ìkẹta. Ó gbé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì, ìrẹsì, adìyẹ méjèèjì, fíláàsì tíì, àti bàtà mi kejì. Lójú ọ̀run, oòrùn ṣì ń ràn. Ẹ̀kán òjò kan kò bọ́ sí wa lórí.

Nuh ló kọ́kọ́ lanu, ó bèèrè ibi tí adìyẹ lọ. Ìgbà yẹn ni Amal bú sẹ́kún, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Hind wò mí, ó fi Yorùbá sọ ọ́, kó lè yé mi dáadáa: “Màmá, igi yẹn ní kí la ṣe báyìí?” Mo gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ó tọ́ sí mi. Mo sọ bàtà sílẹ̀, mo sì sọ fún un níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀ pé òun ló mọ̀ ọ́n, èmi kò mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ ọ, ó sì gbé ọmọ náà fún mi.

Àwọn ará Tandabáwì dé lẹ́yìn wákàtí kan pẹ̀lú ìkòkò tiwọn. Orí òkúta la ti jẹ ẹ́. Ó dùn. Kí oòrùn tó wọ̀, omi náà ti fà tán, yanrìn tún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn bí ẹni pé kò sí ohun tó kọjá níbẹ̀.

Sùwébátù, èmi àti ìwọ ni a jọ ń ka òpó yẹn ní kékeré. Òpó náà kò purọ́ fún wa rí. Ṣùgbọ́n odò tí àwọn bàbá wa rí kí wọ́n tó ri í mọ́lẹ̀, ibi tó máa ń na ẹsẹ̀ sí ń bẹ nígbà náà. Àbàtà wà níbi gbogbo, omi á kọ́kọ́ kún àbàtà fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó rántí wa. Báyìí wọ́n ti fi yanrìn dí àbàtà, wọ́n ti kọ́lé sí i. Omi tí wọ́n sé sókè odò, tó bá kún jù, wọ́n á ṣí i, yóò máa bọ̀. Tó bá sì bọ́ sí àsìkò tí òṣùpá kún, tí ọ̀sà ń ti omi wọlé, kò sí ibi tí méjèèjì yóò gbà ju yàrá rẹ lọ. Òjò tí yóò wọ ilé rẹ kò ní rọ̀ ní Májídùn. O kò ní rí i lójú ọ̀run.

O sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé o lọ kírun Àsárì, omi kò tíì dé ìlà kìíní. Kí o tó ti mọ́sáláṣí dé, ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. A jọ fi ṣe ẹ̀rín lórí fóònù. Mo ń bi ọ́ báyìí: lọ́jọ́ yẹn, nígbà wo ni o rí ìlà kejì?

Ohun tí mo sọ fún Mùnírù nìyí. Kí n tó lanu ló ti ń bẹ̀bẹ̀, ó rò pé mo fẹ́ bú òun. Mo ní kó mú ọkọ̀ wá ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, kó kó bẹ́ẹ̀dì rẹ, àpótí rẹ àti àwo tí o fi ń yan ẹja, kó má sì dá ọ lóhùn bí o bá ń pariwo. Mo tún sọ fún un pé kí yàrá náà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti ibi ìdáná tirẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ má sì dá sí ọbẹ̀ rẹ. Ó gbà. Lójú ọ̀sán, o lè sọ̀ kalẹ̀ lọ yan ẹja rẹ, kí o wo òpó, kí o bá àwọn èèyàn ṣàwàdà. Tí wọ́n bá ti pe Àsárì, kí o gòkè. Mo mọ̀ pé o ó bínú sí mi. Bínú dáadáa. Ṣùgbọ́n lókè Ìkòròdù ni kí o ti bínú.

Bá mi kí Mùnírù àti gbogbo ilé rẹ̀. Kí gbogbo àwọn tí a jọ ń yan ẹja, àwọn tó kù láyé nínú wọn. Hind ní kí n kí ọ, ó ní òun ń dúró kí òun gbọ́ pé o ti kó. Dàbínù àti omi Sámúsámù wà lọ́wọ́ Àlàájà Ridwanat. Lábẹ́ dàbínù, o ó rí bàtà kan ṣoṣo nínú ọ̀rá. Èyí tí mo fẹ́ fi na Hind ni. Òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá tuntun rẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ pé o ti padà lọ sùn létí odò, n ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, n ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀, n ó sì fi í ṣe ohun tí n kò fi ṣe fún Hind.

Èmi tí mo fi oṣù mẹ́rin jù ọ́ lọ, tí o kò sì lè bá ṣe àgbà,

Ṣìfáwù, ìyá Abdulmutalib.
(Àmì ìka mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yìí, kí o má baà ní Bánkẹ́ ló sọ ọ́.)