Àwọn Àlejò Tó Fa Ọkọ̀ Lascelles

Ilé Àlejò Icilda,
Etí Òkun Gull Hollow,
St. Elizabeth, Jamaica.
16 Oṣù Kẹsàn-án, 2016.

Marva, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé ní Kingston? Ṣé ara le? Orúnkún bàbá àwọn ọmọ rẹ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà tó bá ń ka ìròyìn? Lascelles ọkọ mi ń kí ọ. Àlàáfíà la wà o. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìjì ti gbé wa lọ, irọ́ ni.

O mọ ọkọ̀ ojú omi tí Lascelles fi ọdún mẹ́ta kàn. Oṣù Keje ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í sómi, ó sì ń kẹ́ ẹ bí ìyàwó tuntun. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni rédíò kéde pé ìjì líle ń bọ̀ lójú òkun, pé alẹ́ Ọjọ́rú ló máa dé, kí gbogbo apẹja fa ọkọ̀ wọn kúrò létí omi. Ọdọọdún la ń fà wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn géńdé tó ń fa okùn ti lọ ṣiṣẹ́ oko ní Kánádà. Àgbà apẹja mẹ́fà ló kù. Wọ́n fa àwọn ọkọ̀ kéékèèké lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó kan tiwa láàárọ̀ Ọjọ́rú, kò tilẹ̀ mì.

Wàhálà tèmi wà nínú ilé. Tíṣà márùn-ún tó ti fẹ̀yìn tì ló wá láti Toronto, wọ́n ti ń múra ìsinmi yìí láti ọdún méjì. Ìjì wá ti pápákọ̀ òfurufú pa, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wẹ̀ lókun. Ọ̀gá wọn, Miss Philippa, tó ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ogún ọdún, ò yé ráhùn: "Icilda, ṣé orí àga yìí náà la máa jókòó sí títí ìjì á fi wá bá wa?" Ìgbà tó rí àwọn bàbá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nídìí okùn, ó bá dìde.

Lascelles kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ padà sórí àga yín. Ta ló ń gbàlejò tó ń fi í ṣe alábàárù?"

"Ta ni màmá ẹ? Gbé okùn wá, jàre!"

Ojú tì mí, Marva. Èmi náà bẹ̀ ẹ́ kó lọ jókòó, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti ń fẹ́ gan-an. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti to gbogbo wa sórí ìlà: àwọn kúkúrú níwájú, àwọn gíga lẹ́yìn. Bàbá Egbert, ọ̀kan nínú àwọn apẹja, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, fa okùn ṣáájú àwọn yòókù.

"Ìwọ onífìlà pupa, dúró de àwọn ẹgbẹ́ ẹ!"

"Ẹ má bínú, tíṣà," ni Bàbá wí, bí ọmọ ilé ìwé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọkọ̀ náà mì, ó gun orí àwọn igi róbótó tí a tò sílẹ̀, ó ń yí bọ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí a mọ̀ pé iná máa lọ, gbogbo wa kó ohun tó wà nínú fíríìjì wa jáde: ẹja, edé ńláńlá, pẹ̀lú bámì tí mo fi ẹ̀gẹ́ ṣe. A jẹun, a rẹ́rìn-ín, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ló bó.

Ìjì yà kúrò lọ́nà wa díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì gbé iyanrìn ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀ lọ, tòun ti igi àgbọn tí Lascelles ń so ó mọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ wo ibẹ̀. Ó padà wálé, ó di ọwọ́ Miss Philippa méjèèjì mú, ó bú sẹ́kún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò rí ẹkún rẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé èmi náà ń sunkún.

Wọ́n ṣí pápákọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àlejò mi ò lọ. Wọ́n ní àfi kí ọkọ̀ padà sómi. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí la fà á sọ̀ kalẹ̀, Lascelles sì gbé àwọn márààrún lọ sórí òkun.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ. Ìwọ náà tètè wá kí wa, kí o tó gbàgbé ojú wa. Ṣùgbọ́n mú bàtà tó mọ iyanrìn wá o, má wọ gogoro yẹn. Má sì wá ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀, torí àwọn tíṣà ti gba gbogbo yàrá. Mo ní kí wọ́n wá ní Oṣù Kìn-ín-ní tí òkun máa ń tòrò, Miss Philippa bá wò mí láti òkè délẹ̀: "Oṣù Kìn-ín-ní? Kí la fẹ́ wá fà nígbà yẹn?"

Èmi ni Icilda rẹ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì ń ta á.