Ẹ Má Pa Ìjàpá Òkun Yẹn Torí Ìdána Mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé mi ní etí òkun Ìlàjẹ. Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀gbọ́n mi Oríyọmí, ẹ̀yin tí ẹ di bàbá fún mi láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjèèjì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ti kí yín tán, ó wá ku kí n bá yín jà.

Ẹ má bínú pé gbogbo ayé ló ń bá yín ka lẹ́tà yìí. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pe fóònù yín, ẹ ò gbé e. Mo pe Ìyá, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àgbà ṣe ti àgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ilé ìtẹ̀wé lọ ní Ṣómólú, mo ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mi síta, kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi máa pín in láti èbúté dé èbúté títí yóò fi dé iwájú yín. Alájì tó ni ẹ̀rọ náà bi mí bóyá orí mi pé, torí káàdì ìpè ìdána mi gan-an ló ń tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Mo ní kó dá a dúró ná.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó gbọ́ o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Bàrígà níbí ni pé èmi àti àwọn olùwádìí kan ń dáàbò bo ìjàpá òkun. Bí abo rẹ̀ bá gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn, a máa ń fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ọn lápá. Nọ́ńbà wà lára irin náà, ká lè dá a mọ̀ bó bá tún padà wá. Bí àwọ̀n apẹja bá sì mú un, a máa ń lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà sómi. Nínú òjò, nínú oòrùn, nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà tó ń mù mí dé orúnkún, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ káàkiri.

Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ẹ pè mí tayọ̀tayọ̀. Ẹ ní àwọ̀n yín mú ìjàpá òkun kan tó fẹ̀ ju àtẹ ẹja Ìyá lọ, irin sì wà lápá rẹ̀. Ẹ wá ń ka nọ́ńbà irin náà sí mi létí, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní Ọlọ́run ló ti sàmì sí ẹran ìdána mi látòkè wá. Háà! Èmi ni mo fi irin yẹn sí i! Ní etíkun kan lẹ́yìn Lẹ́kí ni, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe, mi ò lè gbàgbé nọ́ńbà yẹn láé. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ dá a padà. Ẹ ní Èkó ti yí mi lórí. Ẹ tún bi mí bóyá ìjàpá inú àlọ́ ni ìjọba ń ṣọ́ báyìí.

Mi ò gbàgbé àṣà ilé wa. Bí a bá ń fi ọmọbìnrin wa fọ́kọ, ìjàpá òkun là ń pa, àyà rẹ̀ la sì ń bù fún àna, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ àwọn tí kì í bẹ̀rù ibú ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ pa á fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Ẹ ní bí ẹ bá fi ewúrẹ́ ṣe tèmi, ayé á ní torí pé bàbá mi ti kú ni. Ohùn yín gbọ̀n nígbà tí ẹ sọ ìyẹn, mo gbọ́, ó sì wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú ló fi ata sẹ́nu yìí! Ta tilẹ̀ ni ẹ fẹ́ bu àyà rẹ̀ fún? Ṣé àwọn òbí Gbénga àfẹ́sọ́nà mi, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Obaníkòró? Ìyá Gbénga kì í jẹ edé pàápàá, torí ó ní ojú rẹ̀ ń wo òun. Bí wọ́n bá rí apá ìjàpá nínú ọbẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ni.

Ìyá mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà nílé, ẹ sì ń wò wọ́n. Ẹ ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ikùn rẹ̀ ń wòkè, ẹ fi àpò tútù bò ó, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bíi tènìyàn. Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, kò ní kú kó tó di Sátidé tí ìdána máa wáyé. Ìyá, bó bá ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ báyẹn, èémí kì í já gaara fún un mọ́. Ṣé ìyà yẹn ni ẹ fẹ́ fi yẹ́ mi sí?

Àná ni ọ̀rọ̀ wá burú jáì. Àwọn èèyàn wa pọ̀ ní etí ọ̀sà Bàrígà, ẹ mọ̀ ọ́n, ìròyìn sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Olórí àwọn apẹja ibẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Èbúté, ti so ìjàpá òkun kan pamọ́ dè mí. Bí mo ṣe débẹ̀, wọ́n bi mí lójú gbogbo èèyàn bóyá a ti dá ti ilé wa padà sómi. Wọ́n ní ẹni tí ilé ara rẹ̀ dọ̀tí kì í lọ gbálẹ̀ fún onílé. Wọ́n yọ ọ̀bẹ, wọ́n pa á níwájú mi, àwọn èrò sì ń pàtẹ́wọ́. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ débi pé awakọ̀ rò pé ẹni mi ló kú, ó ń kí mi kú àráfẹ́rakù.

Ẹ ò mọ bí ìlú yìí ṣe ń dá ni lágara. Òjò ń wọlé bá mi nínú yàrá, kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá mo jẹun. Àwọn apẹja yẹn nìkan ló ń fi èdè ilé wa pè mí ní ọmọ wa. Látàná, bí mo bá kọjá, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí mi. Ọwọ́ yín ni gbogbo èyí ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọ̀n yín ló rán mi níléèwé, mi ò ní sẹ́ ẹ láé. Kí lẹ wá rán mi lọ fún, bí ẹ ò bá ní gba ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ gbọ́?

Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ yí ẹran náà padà kó fi àyà lélẹ̀. Sátidé ni èmi àti Gbénga ń bọ̀. Etíkun la ó kọ́kọ́ yà. Bó bá wà láàyè, èmi àti ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi, la jọ máa gbé e wọ omi. Lẹ́yìn náà, gààrí àti omi lásán ni kí ẹ fi fà mí fọ́kọ, n ó kúnlẹ̀ gba àdúrà, n ó sì máa fi yín yangàn títí ayé. Àmọ́ bí ẹ bá ti pa á, ọkọ̀ tó gbé wa wá ni yóò gbé wa padà. Kí ẹ bu ọbẹ̀ fún àwọn àlejò o. Bí wọ́n bá bi yín pé ìyàwó ńkọ́, ẹ sọ fún wọn pé òun ni wọ́n ń jẹ yẹn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi. Àwọ̀n yín kò ní ya, ìgbì kò sì ní dojú ọkọ̀ yín dé. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ kí gbogbo ìjọ, ẹ kí ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ṣì ń bí mi o.

Èmi ni ọmọ yín, àbúrò yín,
Èbùn